Ọkọ̀ Wa Tó Gba Iwájú Òkú Kọjá

                                        Ṣọ́ọ̀bù Tidwell,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin,
                                        Mabry Flat,
                                        Texas.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi Colby ọ̀wọ́n,

Ẹ má jẹ́ kí "ọ̀wọ́n" tí mo kọ sókè yìí tàn yín jẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ lẹ́tà ni, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ tí kò ní di èébú. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ara le? Ṣé atẹ́gùn oníyanrìn ibi ìwapo tí ẹ ti ń bá wọn wa epo rọ̀bì yẹn kò tíì ba ojú yín jẹ́? Ṣé wọ́n ń fún yín ní oúnjẹ gidi ní ibùdó yín, àbí inú agolo lẹ ṣì ti ń jẹun? Gbogbo ìwọ̀nyí, ìbéèrè Bàbá àgbà ni. Wọ́n ní kí n bi yín, mo sì ti bi yín. Ìbéèrè tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ẹ kì í gbé fóònù mi?

Mo pè yín lọ́jọ́ Kérésì, ẹ gé e. Mo pè yín lọ́jọ́ ìbí yín, ẹ jẹ́ kó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kò ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n fi ń gé e.

Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kó bá yín wí. Ẹ ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Mo sì mọ̀ pé ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí máàkì kẹ́mísírì rẹ̀ kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni, tí kì í lè nawọ́ sókè ní kíláàsì bó tilẹ̀ mọ ìdáhùn, kò yẹ lẹ́ni tó ń dá ẹjọ́ ẹlòmíì. Mo ti fa ìwé tó pọ̀ ya kí n tó kọ èyí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń bí mi láti ìgbà òtútù, ó sì ti ń bà mí nínú jẹ́ débi pé mi ò lè kàwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ṣe fún yín, torí ó jọ pé ẹ ti gbàgbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá Orville Stamps, nínú oṣù kọkànlá, ẹ gbé ọkọ̀ akẹ́rù wa, èyí funfun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ TIDWELL sí lára ilẹ̀kùn. Ẹ kó oúnjẹ màlúù kún un, ẹ sì bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìsìnkú lójú ọ̀nà ẹlẹ́fun tó lọ sí itẹ́ òkú. Ọmọdé tí kò tíì lè dá wẹ̀ nílùú yìí mọ ohun tí à ń ṣe. Bí òkú bá ń bọ̀ níwájú, o máa ya sẹ́bàá ọ̀nà, o máa dúró, o máa ṣí àkẹtẹ̀ lórí títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn á fi kọjá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lo bá a, o máa rọra tẹ̀lé e bí ẹni pé ìwọ náà ń sin ín. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Dallas pàápàá ń dúró, bí wọn ò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ò dúró. Ẹ ò tẹ̀lé wọn. Ẹ tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá níkọ̀ọ̀kan, títí ẹ fi gba iwájú ọkọ̀ òkú fúnra rẹ̀. Eruku funfun bo àwọn tó ń sunkún. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n máa fi gbé pósí sọ̀kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá àwọ̀ ọkọ̀ òkú náà mọ̀ mọ́.

Bàbá Orville! Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí gbogbo wa wọ̀. Ẹni tó máa ń fọn fèrè lẹ́nu géètì wa títí ẹ ó fi jáde pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ẹnìkejì Bàbá àgbà nídìí dòmínò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí yín. Bàbá àgbà ló yẹ kó wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀, ìbàdí tó ń dùn wọ́n ló dè wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ dúró fún wọn. Eruku lẹ fi dúró fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ ti kó ẹrù yín, ẹ ti lọ síbi ìwapo, ẹ ò bẹ opó, ẹ ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ ìlú wa. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sára ògiri, kò sẹ́ni tó sọ òkò. Wọ́n kàn jáwọ́ lára wa ni. Ẹ mọ bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń gbé ìka kan sókè lórí sitiárìn bí ọkọ̀ bá pàdé ọkọ̀? Bí a bá ń bọ̀ báyìí, ìka wọn á lẹ̀ mọ́ sitiárìn bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń wakọ̀ lọ sí ìlú kejì lọ ra oúnjẹ màlúù àti iyọ̀ tí màlúù ń lá, wọ́n á sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa padà. Ọkùnrin tí ẹ mọ̀ dáadáa, Bàbá Lester Goss, máa ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kọjú sí wa níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, kí a lè ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù ìlú kejì tó wà lára àpò tó rà.

Bàbá Lester yìí kan náà ló kó àwọn tó máa ń ta dòmínò nínú ṣọ́ọ̀bù wa wá láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi Kérésì. Mo wà níbẹ̀. Mo ti gbé kọfí kaná, inú mi ti ń dùn pé wọ́n ti padà. Wọn ò jókòó. Wọ́n di tábìlì dòmínò mú ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá àgbà ní, "Lester, kí lẹ fẹ́ fi tábìlì yẹn ṣe?"

"Tábìlì Orville ni. Òun ló kàn án."

"Mo mọ̀ pé òun ló kàn án. Èmi ni mo di igi mú fún un. Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Ilé epo. Ojú pópó nibẹ̀. Bí òkú bá ń kọjá, a máa rí i."

Wọ́n gbé e jáde. Bàbá àgbà dúró sójú ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti lu ihò sínú pákó ilẹ̀. Mo bu kọfí náà dànù, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé ó yẹ kí n sọ nǹkan, mo sì ti ń ronú ohun tó yẹ kí n sọ láti ìgbà náà.

Ní ilé oúnjẹ ńkọ́? Mo wọlé láàárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó. Twyla, tí èmi àtàwọn ọmọ rẹ̀ jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bu kọfí fún tábìlì tó wà níwájú mi, ó bu fún èyí tó wà lẹ́yìn mi, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kọfí." Ó wẹ̀yìn, ó ní, "Háà, mo rò pé ẹ̀yin ará ilé Tidwell kì í dúró." Gbogbo ilé oúnjẹ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Kí ló dé tí mo fi rẹ́rìn-ín?

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń rajà lọ́wọ́ wa, ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Màmá Nadine fúnra wọn, opó Bàbá Orville. Ní gbogbo Sátidé tí mo bá wà nílé, wọ́n á wá ra àpò oúnjẹ adìẹ kan. Bí Bàbá àgbà bá ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á wọ inú ilé ẹrù lọ, ìtìjú yín kò jẹ́ kí wọ́n lè wo opó lójú. Màmá Nadine á bi mí pé, "Hollis ńkọ́?" Mo máa ní wọ́n wà lẹ́yìn. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo ilẹ̀kùn ilé ẹrù pẹ́, wọ́n á wá ní, "Ó dáa. Bá mi gbé e sínú ọkọ̀." Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ni wọ́n ń ṣe wá, àbí ṣe ni wọ́n ń wá wo bí a ṣe ń kú lọ.

Torí a ń kú lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣọ́ọ̀bù yìí ń kú. Àpò ń gbó sórí pákó, èkúté ń jẹ ohun tí ènìyàn ò rà. Bàbá àgbà ti ní kí àwọn tó ń já ẹrù fún wa má wá mọ́. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, nígbà tí mo bá fi parí ìdánwò ìparí ọdún mi, wọ́n á ti kan pákó mọ́ ojú fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá tó bí Bàbá àgbà dá sílẹ̀, tí Bàbá àgbà fi tọ́ èmi àti ẹ̀yin lẹ́yìn tí àwọn òbí wa lọ. Àkókò tí ẹ fi gba iwájú òkú kọjá kò tó èyí tí ènìyàn fi ń mu kọfí.

Nítorí náà mo ti pinnu. Lọ́la, mò ń mú Bàbá àgbà lọ sílé Màmá Nadine, mò ń lọ bẹ̀bẹ̀ lórúkọ yín, torí ẹ̀yin kò ní ojú láti wá. Mo ti se ẹ̀wà, mo ti yan búrẹ́dì àgbàdo. Mo ti kọ́ ohun tí mo máa sọ sórí, ó sì ń bọ́ mọ́ mi lórí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin ló yẹ kó máa bà.

Bàbá àgbà ń pè mí. Mo máa parí rẹ̀ tó bá yá.

                                        Ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mi ò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì ti fẹ́ fà á ya lónìí. Mo wá rò ó pé kí ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, kí ẹ wá kà á.

Bàbá àgbà ò fẹ́ lọ. Wọ́n ní ìbàdí ń dùn wọ́n, wọ́n ní òjò fẹ́ rọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣáà jókòó tì mí, pé èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. Mo wakọ̀, àwo ẹ̀wà wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní fàráńdà Màmá Nadine ni àpò. Àpò wa ni, oúnjẹ adìẹ, wọ́n tò wọ́n mọ́ ara ògiri títí dé ojú fèrèsé, okùn ẹnu wọn ò tíì tú. Ilé adìẹ wà lápá òsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń mì nínú atẹ́gùn, aláǹtakùn ti ta okùn sí i lẹ́nu.

Màmá Nadine jáde. Wọn ò ní ká jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo kọ́ sórí: "Màmá, a wá bẹ̀ yín nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Colby ṣe lọ́jọ́ tí..."

"Gbé àwo yẹn sórí àpò," ni Màmá Nadine wí. Mo gbé e síbẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, adìẹ mélòó lo rí nínú ọgbà mi?"

"Mi ò rí ìkankan, mà."

"O ò lè rí i. Orville ló nífẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti tà wọ́n lọ́sẹ̀ tí mo sin ín."

"Kí lẹ wá ń fi oúnjẹ wọn ṣe?"

"Bi bàbá rẹ àgbà."

Mo wojú Bàbá àgbà. Pákó ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Màmá Nadine ní, "Ṣé o ò ní dá ọmọ lóhùn ni, Hollis? Mo ra ohun tí mi ò ní ẹran tó máa jẹ ẹ́, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Ọlọ́run dá, kí n ṣáà lè rí ojú rẹ. Kí o jáde sí mi lẹ́ẹ̀kan péré. O ń sá wọ inú ilé ẹrù bí eku."

"Nadine, ìbàdí mi..."

"Ìbàdí! Mo rí ẹ. Inú ọkọ̀ tó tẹ̀lé òkú ni mo wà. O tẹ orí mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn nígbà tí ẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù kọjá, torí náà wọn ò rí ẹ. Ṣùgbọ́n o gbé orí sókè kó tó yẹ. Àkẹtẹ̀ rẹ wà lórí rẹ gbọingbọin. Ojú èmi àti ìwọ ṣe mẹ́rin, Hollis, o sì kọjá lára ọkọ mi."

Mo dúró kí Bàbá àgbà sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bínú sí yín tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé obìnrin yìí ti ń ṣarán. Bàbá àgbà ò sọ pé irọ́ ni. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí, wọ́n dì í mú síwájú àyà.

Màmá Nadine wò ó. "Dé e padà, Hollis. Òkú ti kọjá."

Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá àgbà ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dé e àbí kí wọ́n mú un lọ́wọ́.

"Ẹ̀bẹ̀ ò wúlò fún mi," ni Màmá Nadine wí. "Ọmọ yẹn, Colby, ni kí o lọ bẹ̀. Gbogbo ìlú ń fi orúkọ rẹ̀ nu bàtà, ìwọ ń gbọ́, o dákẹ́. Lọ bá wọn nídìí tábìlì Orville, kí o sọ fún wọn ẹni tó ní kó máa lọ. Kí ẹ kó àpò yín kúrò ní fàráńdà mi pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ eku níbí." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tún ṣí i, wọ́n na àwo ẹ̀wà mi sí mi, wọ́n sì tún tì í.

Èmi àti Bàbá àgbà la kó gbogbo àpò náà sẹ́yìn ọkọ̀. Ìbàdí náà ò sọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ náà.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin náà mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti gbọ́. Pé ọkùnrin Dallas tó ra oko Pruitt ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ náà, pé bí oúnjẹ màlúù òun kò bá dé kí oòrùn tó dé àtàrí, òun á pe ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Pé Bàbá àgbà parọ́ ìbàdí fún àwọn tó ń sìnkú, pé àwọn rò pé àwọn á já ẹrù tán, àwọn á sì bá wọn ní itẹ́ òkú. Pé nígbà tí ẹ rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà níwájú, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ti ṣí àkẹtẹ̀ yín.

Bàbá àgbà ní, "Mo ní kó máa lọ. Ó ní, 'Bàbá, òkú ni.' Mo ní mo mọ̀ pé òkú ni, máa lọ, Orville á dárí jì mí."

"Ẹ wá gbé e ru ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òun ló ní òun máa gbé e. Ó ní òun ṣì kéré, pé orúkọ òun á tún hù. Pé tèmi ò lè hù mọ́."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà nínú ọkọ̀, òun ló tún ń pariwo pé kí ọmọ máa sáré. Ọkùnrin Dallas náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń já oúnjẹ fún un báyìí. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ wa mọ́.

Mo ya sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò gbóhùn sókè sí wọn rí láyé mi. Mo gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Mo ní bí wọn ò bá lọ sí ilé epo, èmi á lọ. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ tú ilé yìí ká nítorí ẹni tó ti lọ ni?" Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ lé e lọ." Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo ní kí wọ́n máà bínú, mo tún ní mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo jà. Odindi ọjọ́ Àìkú, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo jí, wọ́n ti wọ aṣọ, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀. Mo wakọ̀ lọ sí ilé epo. Bàbá Lester àtàwọn mẹ́ta yòókù wà nídìí tábìlì, wọ́n ń ta. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó fa àga.

Bàbá àgbà ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ."

Bàbá Lester ní, "Ilé epo nìyí. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀."

"Èmi ni mo ní kó gba iwájú òkú kọjá. Mo wà nínú ọkọ̀ náà, mo tẹrí mọ́lẹ̀. Colby fẹ́ dúró, èmi ni mi ò gbà fún un."

Bàbá Lester dojú dòmínò ọwọ́ rẹ̀ bolẹ̀. "O wà nínú ọkọ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"O wà nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń sin Orville, o sì jẹ́ kí ọmọ gbé ẹ̀bi rẹ lọ sí aṣálẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó máa lù wọ́n. "Gbogbo ìgbà òtútù yìí ni mo fi ń bú ọmọ tó fẹ́ dúró! Mo pè é ní ẹranko níwájú ìyàwó mi. O mọ̀. O ń rí wa. O ń bu kọfí mu."

Ẹnì kan nínú wọn ní, "Sọ fún un kó máa lọ, Lester."

"Màá sọ fún un. Gbọ́, Hollis. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá dúró lẹ́yìn káńtà yẹn, màá wá ra oúnjẹ màlúù mi lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ni mo bá níbẹ̀, màá ṣẹ́rí padà. Ó tán." Ó gbé dòmínò rẹ̀. "Ta ló kàn?"

Wọ́n ń ta lọ. Bàbá àgbà ṣì dúró, bí ẹni tí wọn ò tíì dá lóhùn. Èmi ni mo dì wọ́n lápá mú jáde. Wọ́n fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé inú mi ti yọ́ sí yín. Ó ṣì ń bí mi, bóyá ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi odindi ìgbà òtútù kórìíra yín fún ohun tí ẹ ò ṣe. Kí lẹ fẹ́ kí n fi ìkórìíra náà ṣe báyìí? Ẹ rò pé ẹ ń dáàbò bo ilé. Ta ló wà nínú ilé náà lẹ́yìn tí ẹ lọ? Èmi ni wọn ò bu kọfí fún. Èmi ni mo dúró sẹ́yìn káńtà tí mò ń wo ojú opó, tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ̀yin àti Bàbá àgbà pín ọ̀rọ̀ náà láàárín ara yín bí ọkùnrin méjì, kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún èmi Laney. Bóyá ẹ rò pé mi ò lè gbé e. Bóyá òótọ́ ni. Ẹ ò bá ti dán mi wò.

Ẹ ti rí i pé nǹkan kan wúwo nínú àpò ìwé yìí. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni. Nígbà tí a dé láti ilé epo, Bàbá àgbà tú u kúrò lára òrùka kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n gbé e sórí lẹ́tà mi, wọ́n sì jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀, torí àwọn ló máa gbé mi lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọn ò ní kí n kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mi ò sì ní bá wọn kọ ọ́.

Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà ní ibùdó yẹn, pàápàá ẹni tó ń dáná fún yín. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kí yín, ó ní kí n má sọ pé òun ni. Bàbá àgbà ò ní kí n kí yín. Mo rò pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ mú un wá, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì la ẹnu sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ ẹ àti ìdí rẹ̀, kí èmi náà wà níbẹ̀ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a padà nínú àpò ìwé láìsí ọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ti pọ̀ ju oúnjẹ màlúù lọ, kò sì sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wa.

                                        Èmi tí inú ń bí, àbúrò yín síbẹ̀síbẹ̀,
                                        Laney.